Ohun Tí Èéfín Sìgá Ń Ṣe Nínú Ara Kí Jẹjẹrẹ Tó Dé

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ará Ìmàṣàyì, ní àyájọ́ Ọjọ́ Àgbáyé Láti Kọ Tábà, ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún

     

Ẹgbẹ́ tó gbé ètò yìí kalẹ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí sìgá. Kò sí ẹni tó wà níbí tí kò tíì gbọ́ pé sìgá ń pani. A kọ ọ́ sára pákẹ́ẹ̀tì, a ń sọ ọ́ lórí rédíò, síbẹ̀ àwọn èèyàn wa ń fà á. Mo rò pé ohun tó fà á ni pé ọ̀rọ̀ ikú yẹn jìnnà sí wọn. Láàárín ọjọ́ tí ọmọkùnrin kan fa sìgá àkọ́kọ́ ní gáréèjì àti ọjọ́ tí dókítà sọ fún un pé jẹjẹrẹ ti mú un ní ẹ̀dọ̀fóró, ó lè tó ogún ọdún, ó lè tó ọgbọ̀n ọdún. Ní gbogbo àkókò yẹn, ó ń jẹ, ó ń mu, ó ń roko, ó ń bímọ. Ara rẹ̀ dá ṣáṣá lójú ara rẹ̀. Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀? Ìyẹn ni mo wá sọ. Ohun tí mo sì fẹ́ kí ó yé wa ni pé ọdún wọ̀nyẹn kì í ṣe ọdún àlàáfíà rárá, àti pé ọjọ́ tí èèyàn bá jáwọ́ nínú sìgá kì í ṣe ọjọ́ asán.

Ọ̀nà tí èémí ń gbà

Bí a bá mí sínú, afẹ́fẹ́ á gba gògóńgò kọjá, á wọ inú ọ̀pá kan tó pín sí méjì, ọ̀kan sí ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún, ọ̀kan sí ti òsì. Àwọn ẹ̀ka méjèèjì á tún máa ya ẹ̀ka, títí yóò fi dé ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń gba afẹ́fẹ́. Sẹ́ẹ̀lì ló tò bẹẹrẹ sí ara ògiri ọ̀nà náà. Àwọn kan nínú wọn ń ṣe ikun tó ń mú eruku mọ́lẹ̀. Àwọn mìíràn ní irun tín-ín-tín-ín lórí, tí ojú lásán kò lè rí, tó ń gbọ̀n ju ìgbà mẹ́wàá lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Irun wọ̀nyí ló ń ti ikun àti ìdọ̀tí inú rẹ̀ sókè wá sí ọ̀fun, kí a lè gbé e mì tàbí kí a tu ú dànù. Ẹni tó bá gun ọ̀kadà láti Ayétòrò wá síhìn-ín nígbà ọyẹ́, tó wúkọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, tó sì rí i pé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ òun pupa bí erùpẹ̀, iṣẹ́ irun wọ̀nyẹn ló rí. Wọ́n gbá ilé mọ́ nígbà tó ń sùn.

Kẹ́míkà tó wà nínú èéfín sìgá lé ní 7,000. Nǹkan bí 70 nínú wọn ni a ti mọ̀ pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Bí èéfín yìí bá ń kọjá lójoojúmọ́, á sọ irun wọ̀nyẹn di aláìlágbára, bó bá sì pẹ́, wọ́n á kú. Ìdí nìyí tí ikọ́ àárọ̀ fi máa ń bá ẹni tó ti ń fa sìgá fún ọ̀pọ̀ ọdún: kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ti kóra jọ mọ́jú, kò sì sí ohun tí yóò tì í sókè mọ́ àfi ikọ́. Dókítà Oscar Auerbach ní Amẹ́ríkà fi ọ̀pọ̀ ọdún, láti nǹkan bí 1950 sí 1960 àti lẹ́yìn rẹ̀, yẹ ọ̀nà èémí àwọn tó ti kú wò lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Lára àwọn tó fa sìgá, ó rí ibi tí irun ti tán, ó rí sẹ́ẹ̀lì tó ti wú, tó ti dàrú, tí ètò wọn kò bá ti tẹ́lẹ̀ mu mọ́. Bí ẹni náà ti fà á pọ̀ tó ni ìdàrú náà ṣe pọ̀ tó. Púpọ̀ nínú wọn ni jẹjẹrẹ kò pa. Ohun mìíràn ló pa wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀nà èémí wọn ti ń yí padà láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Lára àwọn tó ti jáwọ́ kí wọ́n tó kú, ìdàrú náà kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Oṣù 15 nínú yàrá ìwádìí

Ní ọdún 1950, Richard Doll àti Austin Bradford Hill nílùú Lọ́ńdọ̀nù tẹ èsì ìwádìí jáde tó fi hàn pé sìgá àti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ń rìn pọ̀. Ní 1953, Ernst Wynder àti Evarts Graham ní Amẹ́ríkà fi ọ̀dà tí wọ́n fún jáde láti inú èéfín sìgá kun ẹ̀yìn eku, jẹjẹrẹ sì yọ lára àwọn eku náà. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí Graham yìí. Òun ni oníṣẹ́ abẹ tó kọ́kọ́ yọ odindi ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀gbẹ́ kan lára ẹni tó ní jẹjẹrẹ, tí ẹni náà sì yè. Ọdún 1933 nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ti fa sìgá gan-an fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ẹ̀rí pọ̀ níwájú rẹ̀, ó jáwọ́, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló pa á ní 1957. Ẹni tó ṣiṣẹ́ abẹ fún ní 1933 pẹ́ láyé jù ú lọ.

Nítorí náà, pé sìgá ń fa jẹjẹrẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ iyàn mọ́. Ohun tó kù ni bí ó ṣe ń ṣe é, àti ìgbà tó ń bẹ̀rẹ̀. Ìwádìí tó sọ èyí fún mi ní kedere jù lọ ni ti Michelle Vaz, Hariharan Easwaran, Stephen Baylin àti àwọn akẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Johns Hopkins, nílùú Baltimore, tó jáde nínú ìwé ìròyìn Cancer Cell ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017.

Wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì ọ̀nà èémí ènìyàn, wọ́n ń tọ́ ọ nínú àwo. Wọ́n sọ èéfín sìgá di omi, wọ́n sì ń fi díẹ̀ nínú rẹ̀ sí sẹ́ẹ̀lì náà lójoojúmọ́, fún odindi oṣù 15. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ó tó ohun tí ẹni tó ń fa pákẹ́ẹ̀tì kan tàbí méjì lóòjọ́ yóò fà fún ogún sí ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n tún tọ́ irú sẹ́ẹ̀lì kan náà lọ́tọ̀, tí èéfín kò kàn, kí wọ́n lè fi méjèèjì wéra.

Ẹ wo bó ṣe lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá péré, sẹ́ẹ̀lì ti ń hùwà bí ohun tí wọ́n ṣe léṣe: DNA, ìyẹn àkọsílẹ̀ tó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì bí yóò ṣe gbé ayé rẹ̀, ti ń fara gbọgbẹ́. Kó tó di oṣù mẹ́ta, èròjà kan tí wọ́n ń pè ní EZH2 ti di ìlọ́po méjì sí mẹ́rin. Nígbà tí ìyẹn ń rọlẹ̀, òmíràn tó ń jẹ́ DNMT1 gòkè. Iṣẹ́ àwọn méjèèjì ni láti máa lẹ àmì kékeré mọ́ ibi tí sẹ́ẹ̀lì kò ní máa ka nínú àkọsílẹ̀ náà. Jíìnì, ìyẹn abala kan nínú àkọsílẹ̀ náà, tó bá gba àmì yìí kò bàjẹ́, lẹ́tà kan kò yí padà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n a ti pa á lẹ́nu mọ́. Nígbà tó fi di oṣù mẹ́wàá, ọgọ́rọ̀ọ̀rún jíìnì ni ohùn wọn ti lọ sílẹ̀, lára wọn sì ni àwọn tó máa ń ká sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ kò kó má bàa pọ̀ ní àpọ̀jù.

Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Títí oṣù 15 fi pé, wọn kò rí àṣìṣe nínú àwọn jíìnì tí a mọ̀ mọ́ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Bí wọ́n bá dúró síbẹ̀, à bá ní kò tíì sí nǹkan. Ṣùgbọ́n wọ́n mú àṣìṣe kan ṣoṣo, irú èyí tó wọ́pọ̀ nínú jíìnì KRAS lára àwọn tí sìgá fún ní jẹjẹrẹ, wọ́n fi sínú sẹ́ẹ̀lì tó ti gba èéfín fún oṣù 15, wọ́n sì gbin sẹ́ẹ̀lì náà sára eku tí ara rẹ̀ kò lè lé nǹkan àjèjì jáde. Jẹjẹrẹ yọ. Wọ́n fi àṣìṣe kan náà sínú sẹ́ẹ̀lì tó gba èéfín fún oṣù mẹ́fà péré. Jẹjẹrẹ kò yọ. Wọ́n fi sínú èyí tí èéfín kò kàn rí. Kò yọ.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ tó wà níbí, ọ̀rọ̀ yìí kò ní ṣòro fún yín. Igi ẹ̀gẹ́ tí a sọ sórí ilẹ̀ líle yóò gbẹ. Èyí tí a kì bọ ebè tí a ti kọ sílẹ̀ yóò ta gbòǹgbò, ọ̀kan ṣoṣo sì ti tó. Èéfín sìgá ló ń fi ogún ọdún kọ ebè nínú ọ̀nà èémí. Àṣìṣe tí yóò já sí i lè ṣẹlẹ̀ lára ẹnikẹ́ni, lọ́jọ́ kan, láìròtẹ́lẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà ni irú ilẹ̀ tó bá.

Mo gbọ́dọ̀ fi ibi tí ìwádìí yìí dé hàn yín, nítorí òtítọ́ dára ju àbùmọ́ lọ. Inú àwo ni sẹ́ẹ̀lì wà, kì í ṣe nínú ènìyàn tó ń rìn. Ara wa ní ọmọ ogun tirẹ̀, ó ní ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn, ó ní ọ̀nà tó ń gbà tún ara rẹ̀ ṣe. Àwọn tó ṣe ìwádìí náà fúnra wọn pè é ní ẹ̀rí ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó bá ohun tí Auerbach ti rí lára òkú mu, ó sì bá ohun mìíràn tó jáde ní oṣù Kínní ọdún 2020 nínú ìwé ìròyìn Nature mu. Àwọn onímọ̀ ní Cambridge àti Lọ́ńdọ̀nù yẹ sẹ́ẹ̀lì ọ̀nà èémí àwọn èèyàn 16 wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Lára àwọn tó ń fa sìgá, sẹ́ẹ̀lì kan lè ru ẹgbẹẹgbẹ̀rún àṣìṣe nínú DNA rẹ̀. Lára àwọn tó ti jáwọ́, wọ́n rí ohun ìyanu: àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ti ẹni tí kò fa sìgá rí ti ń pọ̀ sí i, iye wọn sì tó ìlọ́po mẹ́rin ti àwọn tó ṣì ń fà á. Ara ń wá ọ̀nà àtipadà. Ẹni tó bá sọ pé, “Ó ti bà mí jẹ́ tán, kí n máa fà á lọ,” irọ́ ni sìgá pa fún un.

“Bàbá wa fà á, ó sì darúgbó”

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń sọ ọ́ nínú ara rẹ̀ báyìí. Kò sí ìdílé tí kò ní bàbá kan tó fi ìkòkò tábà sẹ́nu títí ó fi lé ní ọgọ́rin ọdún. Mi ò bá yín jiyàn pé ó darúgbó. Ṣùgbọ́n ẹni tó là á já là ń rí, òun là ń tọ́ka sí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó fà á, tí wọ́n kú ní ọdún 55, a ti gbàgbé wọn, a sì sọ nígbà náà pé ikọ́ ló pa wọ́n tàbí pé ayé ló ṣe wọ́n.

Doll kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe àròsọ. Láti 1951 ni wọ́n ti ń tẹ̀ lé ìgbésí ayé dókítà ọkùnrin 34,439 ní Britain, fún àádọ́ta ọdún. Nígbà tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2004, wọ́n fi hàn pé àwọn tó fa sìgá títí kú ṣáájú àwọn tí kò fà á pẹ̀lú nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ẹni tó jáwọ́ ní ọmọ 60 ọdún jèrè nǹkan bí ọdún mẹ́ta padà. Ẹni tó jáwọ́ ní 50, ọdún mẹ́fà. Ní 40, ọdún mẹ́sàn-án. Ẹni tó jáwọ́ ní 30 gba ọdún mẹ́wàá rẹ̀ padà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Dókítà ni gbogbo wọn. Wọ́n mọ oògùn, wọ́n rówó tọ́jú ara wọn, síbẹ̀ sìgá kò ṣojúsàájú fún wọn. Ẹ̀yin bàbá tó wà níbí tí ẹ ti lé ní àádọ́ta, ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́fà kì í ṣe nǹkan kékeré fún ẹni tó fẹ́ rí ìgbéyàwó ọmọ ọmọ rẹ̀.

Sìgá ẹyọ kan

Ẹ jẹ́ ká wá sílé. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2012 fi hàn pé ìdá 5.6 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà ló ń lo tábà. Láàárín ọkùnrin, ó jẹ́ ìdá 10. Iye yìí kéré sí ti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta sìgá mọ̀ pé àwọn ọmọ wa pọ̀, ó sì mọ̀ pé àwọn tó ń fà á ń kú, pé a gbọ́dọ̀ rí ẹni rọ́pò wọn. Ní 2001, ilé-iṣẹ́ sìgá British American Tobacco bá ìjọba àpapọ̀ tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn láti ná mílíọ̀nù 150 dọ́là. Ní 2003, fáktírì wọn tuntun ṣí nílùú Ìbàdàn. Àwọn àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn àti agbègbè Òkè-Ògùn ti ń gbin ewé tábà fún fáktírì ṣáájú ìgbà náà. Ní oṣù Kejìlá 2023, àjọ FCCPC, tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, fi owó ìtanràn mílíọ̀nù 110 dọ́là lé ilé-iṣẹ́ kan náà lórí ẹ̀sùn rírú òfin. Owó ńlá ni, ṣùgbọ́n kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wúkọ́.

Nàìjíríà ní òfin. Ọdún 2015 ni wọ́n fọwọ́ sí Òfin Ìkápá Tábà. Ó ní ẹni tí kò bá tó ọdún 18 kò gbọ́dọ̀ ta sìgá, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ tà á fún un. Ó ní a kò gbọ́dọ̀ ta sìgá lẹ́yọ lẹ́yọ; pákẹ́ẹ̀tì kò gbọ́dọ̀ ní ohun tó dín ní ogún. Ó ka fífa sìgá léèwọ̀ nínú ilé-ẹ̀kọ́, nínú ilé ìwòsàn, nínú ọkọ̀ èrò.

Ẹ bá mi wo àtẹ kan ní gáréèjì èyíkéyìí ní ilẹ̀ Yewa, láti Ìlaròó dé Ọjà-Ọ̀dàn. Pákẹ́ẹ̀tì ti ya lórí, ẹyọ méje tàbí mẹ́jọ ló kù nínú rẹ̀, ó wà láàárín súwíìtì ọmọdé àti oògùn orí fífọ́. Wọ́n fi okùn so iṣáná aláfẹ́fẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan dé, ó na owó, ó ní bàbá ní kí òun ra ẹyọ kan. Wọ́n fún un. Nígbà mìíràn wọ́n ní kí ó tan án kí iná má bàa kú lọ́nà, ọmọ náà á fi sẹ́nu, á fà á kí ó lè ràn. Ìyẹn ni sìgá àkọ́kọ́ rẹ̀. Ọwọ́ àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ jù lọ láyé ló ti gbà á. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ yìí, àgbà ló ń ránṣẹ́.

Ẹyọ kan yẹn ni ìṣòro wa. Owó ọmọdé kò ká pákẹ́ẹ̀tì, ó ká ẹyọ. Bí a bá dáwọ́ títa ẹyọ dúró ní ìlú kan ṣoṣo, àwọn ọmọ ìlú náà tí kò ní bẹ̀rẹ̀ rárá yóò pọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin ìyá wa. Bí bàálé bá ń fa sìgá nínú yàrá, ìyàwó àti ọmọ ń fà á pẹ̀lú rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó lé ní mílíọ̀nù kan ẹni tí kò fa sìgá tí èéfín ẹlòmíràn ń pa lọ́dọọdún. Ẹ̀yin tó sì ń yan gàrí, ìwádìí Baltimore kò kan èéfín igi, ṣùgbọ́n àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lágbàáyé ti kà á sí ohun tó ṣeé ṣe kó máa fa jẹjẹrẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yan gàrí nínú yàrá tí a sé pa. Ẹ jẹ́ kí ahéré náà ṣí sílẹ̀ níhà méjèèjì, ẹ má sì gbé ìkókó pọ̀n sídìí àdìrò.

Ẹ̀bẹ̀ mi

Kábíyèsí, ọba ìlú Ìmàṣàyì, mo bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ pe Ìyálọ́jà àti olórí gáréèjì, kí ẹ ní kí títa sìgá lẹ́yọ dópin ní Ìmàṣàyì, kí ẹnikẹ́ni má sì tà á fún ọmọ tí wọ́n rán. Òfin ti wà tẹ́lẹ̀, ẹnu yín ló kù. Ẹ̀yin bàbá, bí ẹ kò bá tíì lè jáwọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fẹsẹ̀ ara yín rìn lọ rà á. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ sọ ìtàn oṣù 15 yìí fún àwọn ọmọ ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì; yóò yé wọn ju ìbúmọ́ni lọ. Ẹnikẹ́ni tí ikọ́ bá ti bá jà fún ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tó wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ẹ́ wò. Ó lè jẹ́ ikọ́ ife, oògùn rẹ̀ sì wà.

  Àwọn nọ́ọ̀sì wà lẹ́nu ọ̀nà báyìí. Ẹni tó bá ń fa sìgá, tó sì fẹ́ jáwọ́, kí ó bá wọn sọ̀rọ̀ kí ó tó lọ sílé.